Sítíárìn Le? Ẹ Yẹ Fáàfù Rẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Ra Rákì

Ìbéèrè kan náà ló ń wá ṣáá lẹ́nu àwọn tó ń wakọ̀ láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: "Sítíárìn mi ti le, mẹkáníìkì ní kí n lọ ra rákì. Ṣé òótọ́ ni?" Rákì ni irin gígùn tó ń ti táyà iwájú sọ́tùn-ún tàbí sósì bí ẹ bá ń yí sítíárìn. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́líìtì tó ti dán, ọ́ìlì tó ti dọ̀tí, tàbí fáàfù kékeré kan (ìlẹ̀kùn tó ń darí ọ́ìlì) tó há sínú pọ́ǹpù ló fà á. Wọ́n á ra rákì, wọ́n á dè é, sítíárìn á sì tún le bíi ti àná.

Ẹni tó mọ sípánà dì mú la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àti ẹni tí kò ní fọwọ́ kàn án rárá ṣùgbọ́n tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe wà létòlétò, torí pé ohun tí kò náni lówó la kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò.

## Ṣé ọkọ̀ yín tiẹ̀ ní fáàfù yìí?

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí ike ọ́ìlì sítíárìn àti pọ́ǹpù tí bẹ́líìtì ń yí, ó ní in. Nínú àwọn tokunbo tó ti Amẹ́ríkà wá, Camry títí dé 2011 (yàtọ̀ sí Hybrid), Corolla 2003 sí 2008, àti Accord títí dé 2012 (òun náà yàtọ̀ sí Hybrid) ń lo ọ́ìlì. Camry láti 2012, Corolla láti 2009 àti Accord láti 2013 ń lo mọ́tò iná. Bí sítíárìn irú ìwọ̀nyẹn bá le, ọ̀dọ̀ rìwáyà tó ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò ni kí ẹ lọ. Ìtọ́sọ́nà yìí kò kàn yín.

## Fáàfù méjì ni, ẹ má pa wọ́n pọ̀

Ti pọ́ǹpù. Ó wà lẹ́yìn ibi tí họ́ọ̀sì tó lágbára ti jáde lára pọ́ǹpù. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Bí ẹ́ńjìnì bá ń sáré, pọ́ǹpù máa ń tú ọ́ìlì jáde ju èyí tí sítíárìn nílò lọ; fáàfù yìí ló ń dá ìyókù padà, kí sítíárìn má baà fúyẹ́ jù lójú títì. Bí ẹ bá sì yí sítíárìn dópin tí ẹ dì í mú síbẹ̀, ọ́ìlì kò rọ́nà lọ mọ́. Bọ́ọ̀lù kékeré tó wà nínú ọmọ fáàfù (irin inú fáàfù tó ń yí ipò padà) á ṣí, á tú agbára náà sílẹ̀ kí họ́ọ̀sì má baà bẹ́.

Ti rákì. Ó wà lórí rákì, níbi tí ọ̀pá sítíárìn ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Nínú rẹ̀ ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó máa ń lọ́ díẹ̀ bí ẹ bá ti ń yí sítíárìn. Bó ṣe ń lọ́ ni ojú ihò ara ọmọ fáàfù ń bọ́ síbi ihò ara irin tó bò ó, ọ́ìlì á sì gba apá ọ̀tún tàbí apá òsì lọ ti písítínì rákì. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró, ọ̀pá náà á na padà, ọ́ìlì á kàn máa yípo padà sínú ike.

Ti pọ́ǹpù ṣeé tú, ó ṣeé fọ̀. Ti rákì, síìlì àti ríìngì rẹ̀ (rọ́bà àti òrùka tó ń dí ọ́ìlì mọ́) nìkan la lè pààrọ̀. Ẹni tó bá ní òun á tú ọ̀pá tó ń lọ́ yẹn jáde kóun tún un dè, ẹ rọra gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

## Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún

- Agbára ọ́ìlì yìí lè ju 1,000 psi lọ (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́). Ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì tó ń tú jáde lójú ihò bíńtín lè gún awọ ara wọlé. Páálí ni kí ẹ fi wá a. Bí ó bá wọ ara ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ni lọ́gán, bí ojú ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré.
- Ọ́ìlì tó bá kán sórí páìpù èéfín tó gbóná lè gbiná. Ẹ nù ún kí ẹ tó tan ọkọ̀.
- Jáàkì nìkan kò tó, búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì sì burú ju jáàkì nìkan lọ torí ó lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Sítáàńdì irin ni kí ẹ gbé ọkọ̀ lé, lórí ilẹ̀ tó le, kí ẹ sì fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn.
- Ẹ má di sítíárìn mú dópin ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ. Ọ́ìlì á gbóná kíákíá, pọ́ǹpù á sì jẹ.

## Ohun tí ọkọ̀ ń sọ

- Ó le sápá méjèèjì, ó sì ń ké: bẹ́líìtì, ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀, tàbí afẹ́fẹ́ tó wọ inú rẹ̀.
- Ó le bí ẹ bá fẹ́ páàkì, ó fúyẹ́ bí ẹ́ńjìnì bá sáré: pọ́ǹpù ti jẹ, tàbí fáàfù rẹ̀ há síbi tó ti ń dá ọ́ìlì padà.
- Ó fúyẹ́ jù lórí eré, ọkọ̀ ń rìn káàkiri ojú títì: fáàfù pọ́ǹpù kò dá ọ́ìlì padà mọ́. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe táyà tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì.
- Ó le sápá kan ṣoṣo: ọ̀rọ̀ fáàfù rákì ni, àfi bí nǹkan bá há mọ́ ẹsẹ̀ táyà.
- Ó le láàárọ̀, ó dáa bí ọ́ìlì bá ti gbóná: ríìngì Teflon ara fáàfù rákì ti ha ilé rẹ̀, ọ́ìlì ń gba ibẹ̀ sá. Nígbà ọyẹ́ ni èyí máa ń hàn jù lọ́dọ̀ wa.
- Kì í padà sáàárín fúnra rẹ̀: ó lè jẹ́ fáàfù rákì, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo jọ́ìǹtì ọ̀pá sítíárìn tó ti dípẹtà, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tó gbẹ àti alignment.
- Ó ń yí fúnra rẹ̀ bí ẹ bá tan ẹ́ńjìnì: fáàfù rákì ti kúrò láàárín. Ẹ má wa ọkọ̀ yẹn lọ sí ibì kankan. Ẹ pe ẹni tó máa gbé e.
- Ọ́ìlì ń tán, ilẹ̀ sì gbẹ: ẹ fọwọ́ tẹ rọ́bà tó bo ẹ̀gbẹ́ rákì lápá méjèèjì, bí ó bá wúwo tó ń mì pọ̀sọ̀, ọ́ìlì ti kún inú rẹ̀, síìlì rákì ti lọ. Lára Toyota kan, họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín pọ́ǹpù àti ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Bí fáàfù afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá bàjẹ́, ẹ́ńjìnì á máa fa ọ́ìlì sítíárìn mu, èéfín funfun á sì máa jáde. Wọ́n ti tú ẹ́ńjìnì nítorí èyí rí, nígbà tó jẹ́ pé fáàfù afẹ́fẹ́ kékeré yẹn nìkan ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀.

## Ìyẹ̀wò tí kò náni lówó

1. Táyà. Ẹ jẹ́ kí fọ́káńáísà wọn afẹ́fẹ́ táyà iwájú nígbà tí táyà tutù. Iye tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Láàárín 30 sí 35 psi ni fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré. Táyà tó wà ní 18 psi á mú kí sítíárìn tó dára jù lọ le.

2. Bẹ́líìtì. Ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ẹ wò ó bóyá ó ti dán, ó ti sán, tàbí ọ́ìlì ti kán sí i lára. Lẹ́yìn náà ẹ tan ẹ́ńjìnì: bí ariwo bá yí padà nígbà tí ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i (kí ọwọ́ jìnnà o), bẹ́líìtì ni, kì í ṣe pọ́ǹpù.

3. Ọ́ìlì. Ẹ kọ́kọ́ nu eruku tó wà lórí ike kí ẹ tó ṣí ìdérí rẹ̀. Eruku ojú ọ̀nà wa pọ̀, iyanrìn fínnífínní tó bá já sínú ibẹ̀ ló máa ń lọ há fáàfù. Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ sí ilà COLD tàbí HOT. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìka kàn án, kí ẹ sì wò ó:
   - dúdú, ó ń rùn bí ohun tó jóná: ó ti gbó, síìlì ti ń jẹ;
   - ó ń hó bí ọṣẹ: afẹ́fẹ́ ń wọlé;
   - ó ń dán wínníwínní lójú oòrùn: irin pọ́ǹpù ló ń yọ́ sínú rẹ̀;
   - ó dà bíi mílíìkì: omi ti wọ̀ ọ́.

4. Àwọ̀n inú ike. Ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda ní àwọ̀n kékeré nísàlẹ̀ ike. Bí ó bá dí, ebi ọ́ìlì á máa pa pọ́ǹpù, á máa ké. Bí àwọ̀n náà kò bá ṣeé fọ̀, ẹ pààrọ̀ ike lódindi.

5. Họ́ọ̀sì tó ń fa ọ́ìlì. Èyí ni họ́ọ̀sì tó ti ike lọ sí pọ́ǹpù. Ó lè máa fa afẹ́fẹ́ láì jò rárá. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti le gan-an tàbí tí kílíìpù rẹ̀ bá ti ṣọ, ẹ pààrọ̀ wọn. Owó kékeré ni.

6. Gbé iwájú sókè, ẹ́ńjìnì ní pípa. Ẹ yí sítíárìn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó gbọ́dọ̀ lọ geere. Bí ẹ bá kan ibi tó ń há tàbí tó ń tàkú, ọ̀rọ̀ jọ́ìǹtì ọ̀pá, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tàbí rákì tó wọ́ ni. Fáàfù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

7. Tan ẹ́ńjìnì, iwájú ṣì wà lókè. Ẹ kó ọwọ́ àti ìka kúrò láàárín sítíárìn pátápátá, kí ẹlòmíì yí kọ́kọ́rọ́. Bí sítíárìn bá yí lọ fúnra rẹ̀, fáàfù rákì ti bàjẹ́. Kò tún sí ìyẹ̀wò mìíràn tí ẹ ń ṣe lẹ́yìn èyí.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pariwo rákì kì í kọjá ìgbésẹ̀ karùn-ún.

## Géèjì ló ń parí àríyànjiyàn

Bí gbogbo èyí bá dára tí sítíárìn ṣì le, ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá ó ní géèjì páwà sítíárìn (ohun tó ń ka agbára ọ́ìlì). Bí kò bá ní, ẹ wá ẹni tó ní in kiri, ìbáà jẹ́ Ìlọrin tàbí Ìbàdàn ni ẹ máa lọ. Owó ìyẹ̀wò kò tó owó rákì.

Géèjì náà gbọ́dọ̀ lè ka 2,000 psi, ó kéré tán, kí ó sì ní kọ́ọ̀kì tó ń ti ọ̀nà ọ́ìlì. Àárín pọ́ǹpù àti rákì la ń so ó mọ́, sójú ọ̀nà họ́ọ̀sì tó lágbára: géèjì sún mọ́ pọ́ǹpù, kọ́ọ̀kì wà níhà rákì. Bí wọ́n bá yí i padà, ohun tó máa kà kò wúlò.

1. Ṣí kọ́ọ̀kì sílẹ̀ gbayawu. Tan ẹ́ńjìnì, yí sítíárìn lọ yí i bọ̀ títí ọ́ìlì á fi gbóná dé nǹkan bí 80°C. Ọ́ìlì tútù máa ń purọ́.
2. Sítíárìn wà láàárín, ẹ́ńjìnì ń rọra ṣiṣẹ́. Géèjì gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ dáadáa. Bí ó bá ti ju 200 psi lọ, nǹkan dí ọ̀nà ìpadà ọ́ìlì, tàbí fáàfù rákì há.
3. Ti kọ́ọ̀kì pa, ka géèjì, ṣí i padà. Gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré máa ń mú láti 1,000 psi sókè. Ìwé ọkọ̀ yín ló ní iye tó péye. Ẹ kọ iye yìí sílẹ̀.
4. Pẹ̀lú kọ́ọ̀kì ní ṣíṣí, ẹ ka géèjì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yípo ní 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan (rpm), kí ẹ tún kà á ní 3,000. Fún Toyota, ìyàtọ̀ méjèèjì kò gbọ́dọ̀ ju 71 psi lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, fáàfù pọ́ǹpù ni kò dá ọ́ìlì padà bó ṣe yẹ.
5. Kọ́ọ̀kì ṣì wà ní ṣíṣí. Yí sítíárìn dópin lápá ọ̀tún, kà á. Dópin lápá òsì, kà á.

Báyìí la ṣe ń kà á. Bí iye ìgbésẹ̀ kẹta bá kéré, pọ́ǹpù tàbí fáàfù rẹ̀ ni; rákì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí iye ìgbésẹ̀ kẹta bá dára ṣùgbọ́n ti ìgbésẹ̀ karùn-ún kò tó o, ọ́ìlì ń jò nínú rákì. Bí ó bá dára sápá kan tí kò dára sí èkejì, fáàfù rákì ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé tí sítíárìn ṣì le, ẹ padà lọ sí ìgbésẹ̀ kẹfà nínú ìyẹ̀wò tí kò náni lówó lókè. Ohun kan ń há nínú irin.

## Bí a ṣe ń fọ fáàfù pọ́ǹpù

Iṣẹ́ yìí la fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù, torí òun ló máa ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rírà tí kò pọn dandan. Lára ọkọ̀ mìíràn, ẹ lè ṣe é láì sọ pọ́ǹpù kalẹ̀; lára ọkọ̀ tí pọ́ǹpù rẹ̀ sá sẹ́yìn ẹ́ńjìnì, ẹ ní láti sọ ọ́.

Ẹ pèsè: sípánà tó bá a mu gẹ́lẹ́ (ẹ má lo páláyà), sìríǹjì ńlá, mágínẹ́ẹ̀tì kékeré, bẹntiróòlù tó mọ́, abọ́ tó mọ́, wọ́ṣà kọ́pà tuntun méjì, O-ring tuntun (òrùka rọ́bà tó ń dènà jíjò), àti ọ́ìlì tuntun lítà méjì.

1. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù. Tú orí bátìrì, kí o sì fi sìríǹjì fa ọ́ìlì inú ike.
2. Fọ ara pọ́ǹpù níta kí o tó tú nǹkan kan. Ìdọ̀tí ìta ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí.
3. Tú bóòtì họ́ọ̀sì tó lágbára. Wọ́ṣà kọ́pà méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ju àtijọ́ nù.
4. Fi àkísà di nọ́ọ̀tì ńlá tó kàn mú bí o ṣe ń tú u, torí sípíríìnì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, nọ́ọ̀tì ló kọ́kọ́ ń jáde, ọmọ fáàfù tẹ̀ lé e, sípíríìnì gbẹ̀yìn. Fi fóònù ya fọ́tò ọmọ fáàfù kí o tó gbé e kúrò, kí o lè mọ èyí tó jẹ́ orí àti èyí tó jẹ́ ìdí. Bí a bá dè é sódì, pọ́ǹpù kò ní ṣiṣẹ́.
5. Bí kò bá jáde, mágínẹ́ẹ̀tì ni kí o fi fà á. Páláyà kò gbọ́dọ̀ kàn án.
6. Fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ gbẹ. Má ṣe fi àkísà onírun nù ún. Wo àwọ̀n bíńtín tó wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni iyanrìn máa ń sá pa mọ́ sí.
7. Gbé e sínú oòrùn, yí i wò. Bí èékánná bá ń kọ́ ojú ìhára kan lára rẹ̀, ó ti tán.
8. Fi ọ́ìlì pa á lára, jù ú sínú ihò rẹ̀ láì sí sípíríìnì. Ó gbọ́dọ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, láì jẹ́ pé o tì í. Bí ó bá dúró lọ́nà, tún un fọ̀. Bí ó bá tún dúró, òun tàbí ihò rẹ̀ ti ha.
9. Mú un lọ sọ́dọ̀ fọ́káńáísà. Fi ìka dí ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, fẹ́ afẹ́fẹ́ tó wà láàárín 57 sí 71 psi wọ ihò tó dojú kọ ọ́. Afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ jáde ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Bí ó bá jáde, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kò tì mọ́.
10. Wọ O-ring tuntun, fi ọ́ìlì pa gbogbo rẹ̀, dè é padà bó ṣe wà nínú fọ́tò. Wọ́ṣà kọ́pà tuntun ni o, kì í ṣe àtijọ́ tí wọ́n yí ojú rẹ̀ padà.

Nǹkan mẹ́ta tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì ṣe níbí. Èkíní, sáńpépà. Àlàfo tó wà láàárín ọmọ fáàfù àti ihò rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i. Sáńpépà á mú kó tóbi, ọ́ìlì á máa gba ibẹ̀ sá, agbára á sì lọ sílẹ̀ títí ayé. Èkejì, nọ́ọ̀tì kékeré tó wà ní ìdí ọmọ fáàfù. Ẹ má tú u. Òun ló ń di bọ́ọ̀lù àti sípíríìnì tó pinnu ibi tí agbára máa dé. Bí ó bá le jù, họ́ọ̀sì ló máa bẹ́. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n yọ ọmọ fáàfù pọ́ǹpù mìíràn wá dè sínú tiyín. Lára Toyota, lẹ́tà kan wà lára ọmọ fáàfù (A, B, C àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ), irú lẹ́tà yẹn gan-an sì gbọ́dọ̀ wà lára pọ́ǹpù. Bí lẹ́tà kò bá bára mu, kò ní wọlé dáadáa tàbí kó ṣọ jù.

Bí ẹ bá rí irin wínníwínní nínú ihò fáàfù, pọ́ǹpù ló ń jẹ ara rẹ̀. Ẹ lè fọ fáàfù náà kó mọ́ tónítóní, á tún há láìpẹ́. Pọ́ǹpù ni kí ẹ pààrọ̀, kí ẹ sì fọ gbogbo páìpù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, irin yẹn á lọ ha fáàfù rákì náà.

## Bí ó bá jẹ́ ti rákì

Géèjì ti sọ pé rákì ni. Ṣùgbọ́n ṣé fáàfù orí rẹ̀ ni àbí síìlì písítínì inú rẹ̀? Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè tú páìpù kékeré méjì tó ti ara fáàfù lọ sí ẹ̀gbẹ́ rákì, kó fi ìdérí irin tó ní ojú kan náà dí ojú fáàfù méjèèjì, kó wá yí sítíárìn díẹ̀, kó ka géèjì. Bí agbára bá pé báyìí, fáàfù dára, síìlì písítínì ló lọ. Bí kò bá pé, fáàfù ni. Ìdérí irin la sọ. Ẹni tó bá mú igi tàbí rọ́bà wá, ẹ sún sẹ́yìn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti tún un ṣe:

Pípààrọ̀ síìlì àti ríìngì. Ó dára bí irin rákì bá ń dán tí kò dípẹtà, tí ilé fáàfù kò sì ní ojú ìhára. Ẹ fi èékánná wá inú ilé fáàfù: bí ríìngì bá ti gbẹ́ ojú ọ̀nà síbẹ̀, ríìngì tuntun kò ní ràn yín lọ́wọ́. Kí ẹni tó ń ṣe é sàmì sí ibi tí eyín fáàfù àti eyín rákì ti pàdé kó tó fà á jáde. Ríìngì Teflon, inú omi gbígbóná la ti ń rẹ̀ ẹ́ kó lè rọ̀, lẹ́yìn tó bá wọlé tán, a ó fún un mọ́ra kó padà sí ìwọ̀n rẹ̀ ká tó fi fáàfù sínú ilé. Ẹni tó bá tì í wọlé bó ṣe fẹ̀ yẹn á gé e.

Rákì tokunbo. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, ó sì dára bí ẹ bá fojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ tó sanwó:

- Ṣé nọ́ńbà rẹ̀ àti ojú páìpù rẹ̀ bá tiyín mu?
- Ẹ ṣí rọ́bà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ṣé inú wọn gbẹ?
- Ẹ yí i láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ṣé ó lọ geere, tí irin tó jáde kò ní ihò ìpẹtà?
- Ẹ mi orí ọ̀pá fáàfù sọ́tùn-ún sósì. Ṣé kò ṣọ?
- Ṣé wọn kò fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ dán kí ojú jíjò má baà hàn? Èyí tó dọ̀tí tó sì gbẹ sàn jù ú lọ.
- Ṣé ẹni tó tà á gbà pé ẹ lè dá a padà bí ó bá jò?

Rákì tuntun tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ tún ṣe. Ó wọ́n. Fún ọkọ̀ tí ẹ fi ń ṣòwò, tó ń sáré Ìlọrin sí Ìbàdàn lójoojúmọ́, a gbà pé ó tọ́ sí owó rẹ̀. Fún ọkọ̀ tí kì í kọjá Táákíè àti Under G nínú Ògbómọ̀ṣọ́, tokunbo tó dára ti tó.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ fi okùn so sítíárìn mọ́lẹ̀ kó má yí rárá kí wọ́n tó tú ọ̀pá rẹ̀ kúrò lára rákì. Bí ó bá yí kiri, clock spring (wáyà tó ká sínú sítíárìn) á já, iná airbag á tàn, fèrè kò sì ní dún mọ́. Bí wọ́n bá dè é tán, alignment ni kí ẹ gbà lọ tààrà.

## Ọ́ìlì wo, báwo la sì ṣe ń yọ afẹ́fẹ́?

Ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí ike ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ Toyota ń lo ATF pupa (ọ́ìlì jíà àdáṣiṣẹ́), Dexron II tàbí III. Honda ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ATF sì máa ń ba síìlì rẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jámánì bíi Volkswagen àti BMW ń lo ọ́ìlì aláwọ̀ ewé, CHF. Ṣùgbọ́n BMW mìíràn ń lo ATF, nítorí náà ẹ kà á kí ẹ tó rà á. Ẹ má po pupa mọ́ ewé.

1. Tú họ́ọ̀sì ìpadà kúrò lára ike, fi ẹnu rẹ̀ sínú ìgò, dí ojú ike. Kún ike. Iwájú ọkọ̀ wà lókè, ẹ́ńjìnì ní pípa.
2. Yí sítíárìn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí ẹlòmíì máa da ọ́ìlì tuntun sí i, títí èyí tó ń jáde á fi mọ́. Ike kò gbọ́dọ̀ gbẹ.
3. Dá họ́ọ̀sì padà. Tún yí i lọ yí i bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnì ṣì wà ní pípa. Ibí ni àwọn tó ń kánjú ti ń ṣìṣe: wọ́n á tan ẹ́ńjìnì, pọ́ǹpù á po afẹ́fẹ́ mọ́ ọ́ìlì, yóò sì máa hó fún wákàtí.
4. Sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Tan ẹ́ńjìnì, jẹ́ kó rọra ṣiṣẹ́. Yí i dópin lápá kan, dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí mẹ́ta, ṣe bẹ́ẹ̀ lápá kejì. Tún un ṣe.
5. Pa ẹ́ńjìnì, wo ike. Ọ́ìlì kò gbọ́dọ̀ ru ju mìlímítà márùn-ún lọ. Bí ó bá ru jù bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Fi í sílẹ̀ kó sinmi, kí o tún ìgbésẹ̀ kẹrin ṣe.

## Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe sí ọkọ̀ yín

- Kó da ọ́ìlì bíréèkì sínú ike sítíárìn. Gbogbo síìlì, láti pọ́ǹpù dé rákì, ló máa wú tí á sì bàjẹ́.
- Kó fún nọ́ọ̀tì abẹ́ rákì le láti fi wo sítíárìn tó le sàn. Eyín rákì ni nọ́ọ̀tì yẹn ń tì mọ́ra. Bí ó bá le jù, sítíárìn á túbọ̀ le, kò sì ní padà sáàárín mọ́.
- Kó da oògùn adáwọ́-jíjò sí i bí ẹni pé ìtọ́jú ni. Ó máa ń mú rọ́bà wú, kò sì lè ṣe nǹkan kan fún ríìngì Teflon tàbí irin tó ti ha.

## Bí owó kò bá tíì sí

Bí jíjò bá kéré, ẹ máa kún un pẹ̀lú ọ́ìlì tó yẹ, kí ẹ sì máa wò ó ní gbogbo òwúrọ̀. Àwọn kan máa ń yọ bẹ́líìtì pọ́ǹpù kí wọ́n lè máa wa ọkọ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá bẹ́líìtì yẹn kò tún ń yí pọ́ǹpù omi tàbí ọ́tánétọ̀: bí ó bá ń yí i, ẹ́ńjìnì á gbóná tàbí bátìrì á kú lójú ọ̀nà. Bí kò bá yí nǹkan mìíràn, ẹ lè rọra wà á láàárín ìlú fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n sítíárìn á wúwo gan-an ní kọ́nà, kò sì yẹ kí ẹ gbé e bọ́ sí ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí tírélà ti lè yà sílẹ̀ fún kòtò lójijì. Èyí tó ń yí fúnra rẹ̀, tàbí tó ń há lójú kọ́nà, kò sí pé ẹ ń rọra wà á rárá: ẹ páàkì rẹ̀.